Ẹkún Ẹni Tó Pẹ́ Dé

Àwọn àgbà ní gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n wọn ò ní kí ẹni tí àbámọ̀ mú má sunkún.

Ọjọ́ 3, oṣù Kẹrin, ọdún 2020 ni kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn nítorí àrùn Kòrónà. Bàálù òkè òkun ti dáwọ́ dúró láti ọjọ́ 23, oṣù Kẹta; ó di ọjọ́ 5, oṣù Kẹsàn-án kó tó tún máa wọlé. Ikú ò bá wa gbélé. Láti Ìbẹ̀fun dé Ìjẹ̀bú-Òde, ìyá kú, ọmọ wà ní London, orí fóònù ló ti wo bí wọ́n ṣe ń bo yẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn. Ọwọ́ ẹni tó di fóònù mú ń gbọ̀n, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń já. Kò sí aṣọ ẹbí, kò sí ẹgbẹ́ règbérègbé àwọn ojúgbà tó bá wọn jókòó. Ìjẹ̀bú tó mọ òkú àgbà í ṣe! Àjọ̀dún Ojúde Ọba pàápàá ò wáyé lọ́dún 2020 àti 2021.

Ọ̀nà ti là báyìí, àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ń wálé. Ibi tó ti ń dùn mí ni bí a ṣe ń gbà wọ́n. Ọmọ ò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tí ẹbí ti ń bi í léèrè ìgbà tí yóò ṣe ìnáwó ìyá rẹ̀. Bí omi bá yọ lójú rẹ̀, wọ́n á ní, “Ó tó, ọkùnrin kì í sunkún.” Kò tó o. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ohun tó yẹ ni kí àgbà kan mú un lọ sídìí sàréè, kó sì yẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí síméǹtì, kó ní, “Ìyá mi, mo dé o, ẹ má bínú.” Ẹ jẹ́ kó fi oríkì pè é. Kí ẹnikẹ́ni má nu omijé rẹ̀ kúrò. Ìgbà tí ẹkún bá rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ la tó ń kí i kú aráfẹ́rakù, tí a ó wá sọ fún un ohun tí ìyá jẹ kẹ́yìn, ẹni tó ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orúkọ ọmọ tó pè. Àwọn ohun tí kò mọ̀ yìí gan-an ni kì í jẹ́ kó sùn lóru.

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé náà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà nílé dáadáa. Òun ló wẹ òkú, òun ló wá ẹni tí yóò gbẹ́lẹ̀, kò sì rí ẹni bá a sunkún lọ́jọ́ náà. Ẹkún tiẹ̀ náà ṣì wà nílẹ̀. Kí àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn, kí ọ̀rọ̀ ìnáwó dọjọ́ mìíràn.