Ìfaradà Ni, Tàbí Agídí?

Ìbéèrè kan ni a mú wá lónìí: kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìfaradà àti agídí? Nígbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, a rò pé a mọ ìdáhùn rẹ̀. Gìgísẹ̀ wa ni ó fi hàn wá pé a kò mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún kan tí Ẹgbẹ́ ń múra ìwọ́de àjọ̀dún, arábìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó nígbà tí àwa yòókù bá wà lórí ìdúró. Ó ní gìgísẹ̀ ń dun òun. A wo ẹsẹ̀ náà, kò wú, kò sí egbò níbẹ̀. Àwa tí a ń kọ̀wé yìí sì yíjú sí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, a ní, "Ọ̀lẹ ni èyí." Ọ̀rọ̀ náà dé etí rẹ̀. Kò fèsì. Ó dìde, ó bá wa dúró títí a fi parí, ó sì tiro lọ sílé.

Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí ó fi kan àwa náà. A ti fẹ̀yìn tì, a sì fẹ́ràn láti máa rìn ní kùtùkùtù kí oòrùn tó mú. Nígbà tí a rí i pé ó ń ṣe wá lóore, a sọ ìrìn ìṣẹ́jú 30 di ti ìṣẹ́jú 90 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré, bàtà pẹlẹbẹ tí ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ ti jẹ ni a sì wọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí a ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn, àfi bí ẹni pé a tẹ ìṣó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìṣísẹ̀ díẹ̀, ó rọ̀. A ní, "Ó ti lọ," a sì tún jáde lọ rìn. Oṣù mẹ́ta ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀, tí a ń pe ara wa ní alágbára, títí a kò fi lè dúró ti ìkòkò lórí iná mọ́.

Dókítà pe orúkọ àìsàn náà ní plantar fasciitis. Iṣan kan tí ó nípọn wà ní àtẹ́lẹsẹ̀, láti egungun gìgísẹ̀ títí dé ìdí àwọn ọmọ-ìka ẹsẹ̀. Òun ni ó gbé ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ti ṣe kòtò ró. Bí ẹrù rẹ̀ bá ju agbára rẹ̀ lọ, bí ìdúró pípẹ́ lórí sìmẹ́ńtì, ìrìn tí a ṣàdédé fi kún, ara sísan, tàbí bàtà tí kò ní tìmùtìmù, ibi tí ó ti so mọ́ gìgísẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Bí a bá sùn tàbí tí a jókòó pẹ́, a máa le. Ìdí nìyẹn tí ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ òwúrọ̀ fi ń dun ni jù. Ó wọ́pọ̀ láàárín ẹni ọdún 40 sí 60.

A rò pé dókítà yóò ní kí a lọ dùbúlẹ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí a dín ìrìn kù dé ibi tí ẹsẹ̀ gbà, kí a má ṣe fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ líle, kí a sì wá bàtà tí ó ní tìmùtìmù ní gìgísẹ̀. Kí a tó dìde lórí ibùsùn, kí a fi ọwọ́ fa àwọn ọmọ-ìka ẹsẹ̀ sí ìhà ojúgun, kí a ka ení títí dé ẹ̀wá, kí a tó fi sílẹ̀. Kí a ṣe é nígbà 10, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Kí a máa yí ẹsẹ̀ lórí ìgò ike tí omi inú rẹ̀ ti di yìnyín. (Ẹni tí àtọ̀gbẹ bá ti mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú kò gbọdọ̀ lo yìnyín láìbi dókítà.) Ní Dẹ́nmáàkì, ìwádìí kan tí ó jáde ní 2014 ní kí àwọn aláìsàn dúró lórí àtẹ̀gùn, kí wọ́n ká táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ ọmọ-ìka ẹsẹ̀, kí wọ́n máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n ń ṣe é lónìí, wọ́n ń fi ọ̀la sinmi. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ara wọn yá ju ti àwọn tí ó kàn ń na iṣan lọ; nígbà tí ó pé ọdún kan, àwọn méjèèjì dọ́gba. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó ń sàn láìsí iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ó lè gba oṣù púpọ̀.

Ẹnìkan lè wí pé, "Àwọn ìyá wa ru ẹrù lọ sí oko àti ọjà, wọn kò sinmi. Bí gbogbo ẹni tí nǹkan ń dùn bá jókòó, ta ni yóò ṣe iṣẹ́?" Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé: ta ni ìrora yìí ń ṣe lóore? Ìyá tí kò sùn nítorí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná ń jìyà fún ọmọ náà; ìfaradà ni. Àwa tí a ń fi gìgísẹ̀ tí ń ta wá rìn káàkiri àdúgbò, kò sí ẹni tí ó jàǹfààní rẹ̀ bí kò ṣe ìgbéraga wa. Agídí ni. Ìfaradà tòótọ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a gbà láti máa na iṣan kan náà ní àràárọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò rí wa kí ó yìn wá, tí a sì jẹ́ kí ẹlòmíràn bá wa pọn omi. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ó gba oṣù 9 kí a tó tún rìn dáadáa. Ìrìn wa àkọ́kọ́, ilé arábìnrin náà ni a rìn ín lọ, láti tọrọ àforíjì. Ó ní, "Ìyá Tíṣà, ìrora yẹn kọ́ ni ó dùn mí jù. Pé ẹ kò gbà mí gbọ́ ni."

Ẹ̀yin ènìyàn wa, nígbà tí a bá tún ń múra ìwọ́de, ẹ jẹ́ kí a gbé bẹ́ǹṣì kan sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ẹni tí ó bá jókòó sórí rẹ̀, kí a kí i, kí a má ṣe wo ẹsẹ̀ rẹ̀ láti wá egbò. Ara yóò máa le o.