Ìyá, Ọlẹ̀ àti Òfin

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà ni òfin ṣe gba ẹni tí a dá lẹ́bi láàyè láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í fi ìgbà gbogbo sọ pé ọwọ́ ẹni náà mọ́. Nígbà mìíràn, ìbéèrè rẹ̀ ni pé: ǹjẹ́ òfin tí a fi mú un bá ohun tí ó ṣe mu?

Ní ọdún 2006, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ Alabama ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ọ̀ràn láti fi ọmọdé sí ibi tí oògùn olóró ti lè pa á lára. Kò pẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin náà mú àwọn ìyá tí wọ́n lo oògùn olóró nígbà tí wọ́n wà nínú oyún. Méjì nínú wọn jẹ́wọ́ ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹjọ́ náà dúró lé: ọmọ. Wọ́n ní ẹni tí a kò tí ì bí kọ́ ni òfin ń pè bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2013, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà dáhùn pé òun náà ni. Ìdálẹ́bi wọn sì dúró.

Ìdáhùn yìí kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ta ni yóò gbẹnusọ fún ẹni tí kò ní ẹnu? Yorùbá mọ oyún yàtọ̀ sí ọlẹ̀, ó mọ ọlẹ̀ yàtọ̀ sí ọmọ, síbẹ̀, bí a bá ń ṣàdúrà fún aboyún, a óò ní, “A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ.” A ti pè é ní ọmọ kí a tó rí i.

Ṣùgbọ́n ohùn ìyá ni àdúrà náà kọ́kọ́ dárúkọ. Bí aboyún bá mọ̀ pé àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn lè gbé òun dé ẹ̀wọ̀n, yóò sá fún dókítà, ọmọ tí a ń gbèjà rẹ̀ yóò sì pàdánù ìtọ́jú. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwọn aṣòfin náà rí i pé àwọ̀n wọn fẹ̀ jù: ní ọdún 2016, wọ́n yọ oògùn tí dókítà kọ fún aboyún kúrò nínú ẹ̀sùn náà.

Ẹ̀bi lè wà lọ́rùn ìyá, kí ìyà tí a fi jẹ ẹ́ sì má ṣe ọmọ ní àǹfààní. Ìdájọ́ tí yóò gba ọmọ là ni èyí tí ó bá jẹ́ kí a gbọ́ ohùn méjèèjì.