KÁDÀRÁ NI, TÀBÍ ÀFỌWỌ́FÀ?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Kí ló dé tí ènìyàn fi máa ń mọ ohun tí yóò pa á lára, tí yóò sì tún máa ṣe é? Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ kọ́ là ń sọ. Ẹni tó gbọ́n, tó ń gba ọmọ ẹlòmíràn nímọ̀ràn rere, òun gan-an ni ọ̀rọ̀ kàn.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù lọ ni omi. Ní Lọ́kọ́ja níbí ni odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé. Lọ́dún 2012, omíyalé gba ìlú. Adankolo, Kabawa àti ọ̀nà Gànájà wà lábẹ́ omi, ọ̀nà Àbújá sì gé. Àjọ NEMA ka òkú 363 káàkiri Nàìjíríà, àwọn tó fi ilé sílẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 2. Nígbà tó di ọdún 2022, omi tún dé. Òkú lé ní 600, ọ̀nà Àbújá tún gé, àwọn ọkọ̀ agbépo sì tò sójú títì láìrí ibi kọjá.

Lẹ́yìn 2012, ojú gbogbo wa ti rí ibi tí omi lè dé. Àmì rẹ̀ wà lára ògiri. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ọ̀dà kun àmì náà, wọ́n to àpò ìrẹsì padà sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti ìwé ẹ̀rí ọmọ bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí òjò bá ti ń rọ̀, àwọn kan a ru pàǹtí lọ dà sínú gọ́tà. Nígbà tí omi padà dé, ohun tí wọ́n wí ni pé, "Kádàrá ni."

Ẹ jẹ́ kí a ya ọ̀rọ̀ yìí sí méjì. Kíkún omi, kádàrá ni. Láti orí òkè ilẹ̀ Guinea ni odò Ọya ti ń ṣàn bọ̀. Bẹ́núè ń ti Kamẹrúùnù bọ̀, níbi tí dáàmù Lagdo wà. Ta ni nínú wa ló lè pàṣẹ fún òjò ibẹ̀? Ṣùgbọ́n ìrẹsì tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ló gbé e síbẹ̀. Pàǹtí inú gọ́tà, ọwọ́ ènìyàn ló dà á síbẹ̀. Àfọwọ́fà ni àwọn baba wa ń pe irú èyí. Ẹni tó bá pè é ní kádàrá, ó purọ́ mọ́ Ọlọ́hun. Gbogbo wa la ti gbọ́ ìtàn ọkùnrin tó fẹ́ fi ràkúnmí rẹ̀ sílẹ̀ láìso, tó ní Ọlọ́hun lòun gbára lé, tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sì kọ́ ọ pé kí ó so ó ná.

Ṣùgbọ́n kí a má fi ọ̀rọ̀ yìí bú ẹni tí ìyà ń jẹ. Apẹja tó ń gbé etí odò, ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká ilẹ̀ òkè, kò fi ọwọ́ fa ìyà kankan. Ìjọba náà ní tirẹ̀: dáàmù tí wọ́n ní àwọn yóò kọ́ sí Dasin Hausa ní ìpínlẹ̀ Adamawa, láti gba omi Lagdo dúró, kò tíì parí nígbà tí omi 2022 dé. Ibi tí agbára ẹni bá dé ni ẹ̀bi ẹni ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí wá ló ń de ọwọ́ ẹni tó ní agbára? Nǹkan mẹ́ta ni a rí. Èkíní, kì í ṣe ọdọọdún ni omi ń kún bíi ti 2012. Ní ọdún tí kò bá kún, ẹni tó kó ẹrù a dà bí aláìgbọ́n, ẹni tó jókòó a dà bí ọlọ́gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà burúkú ṣe ń gba èrè. Èkejì ni ìtìjú: kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ ru ẹrù kí àdúgbò máa fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kẹta kan àwa tí a jẹ́ àlejò. Ẹni tó ti Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Ìsẹ́yìn wá a máa wí pé, "Ibí kì í ṣe ilé mi, ilé ni mò ń kọ́lé sí." Nítorí náà kò ní lọ sí ìpàdé àdúgbò, kò ní kó gọ́tà. Omi kì í sì í béèrè pé, ọmọ ibo ni ọ́? Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé.

Ìpinnu lásán kì í wo àrùn yìí. Ẹ wo oṣù ààwẹ̀. Ẹni tí kò lè fi wákàtí kan sílẹ̀ láìfa sìgá, a fi í sílẹ̀ láti sààrì títí di ìṣínu. Yàtọ̀ sí ìbẹ̀rù Ọlọ́hun, nǹkan méjì ló ń ràn án lọ́wọ́: àkókò ti wà nílẹ̀, kò sí pé ó ń bá ara rẹ̀ jiyàn, gbogbo ilé sì jọ ń ṣe é ni, kò sí ìtìjú. Onímọ̀ ará Jámánì kan tó ń wádìí ìwà ẹ̀dá, Peter Gollwitzer, kọ ọ́ ní 1999 pé ẹni tó bá ti sọ ìgbà, ibi àti ọ̀nà tí òun yóò gbà ṣe nǹkan máa ń ṣe é ju ẹni tó kàn ní òun yóò ṣe é lọ.

Àbá wa nìyí. Oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni omi máa ń kún jù. Ẹ jẹ́ kí Àlàádì tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹjọ jẹ́ ọjọ́ tí gbogbo ìdílé wa yóò gbé ìwé àti ọjà sókè, tí a ó sì jọ kó gọ́tà, bóyá omi yóò wá, bóyá kò ní wá. Kí ẹni tó ní yàrá lórí òkè ṣí i sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní. Ẹni tó ń jẹ owó ọjà, àti ẹni tó ń yá owó ṣe ìnáwó, kí wọ́n fi ọgbọ́n yìí kan náà wo tiwọn: kí wọ́n dá ọjọ́, kí wọ́n sì wá ẹnìkejì.

Kí Ọlọ́hun má fi ọwọ́ wa ṣe wá. Àmín.