Ǹjẹ́ Gbèsè Parí Níbi tí Títì Parí Sí?

Ìbéèrè kan wà tí ó tọ́ kí àwa tí a mọ ìwé kà, pàápàá àwọn olùkọ́ tí àwọn ará oko máa ń tọ̀ wá fún ìmọ̀ràn, rò dáadáa kí a tó dáhùn. Bí ọkọ̀ bá ṣe ènìyàn léṣe ní ojú títì, gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó kàn: a ó pe ọlọ́pàá, a ó béèrè ìwé ọkọ̀, a ó sì wádìí ẹni tí ó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé inú oko ni katakata ti ṣe ènìyàn léṣe, tàbí tí alùpùpù tí ó ru àpò kòkó gbá ọmọdé ní ọ̀nà oko tí kò fẹ̀ ju ìgbésẹ̀ méjì lọ, ọ̀rọ̀ a yí padà. A ó gbọ́ kí wọ́n wí pé, “Kì í ṣe ojú títì ni ó ti ṣẹlẹ̀.” Bí ìyẹn kò bá tó, a ó gbọ́ kí wọ́n wí pé, “Àmúwá Ọlọ́run ni.” Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ gbèsè tí ènìyàn jẹ ẹnì kejì rẹ̀ parí níbi tí títì parí sí? Àti pé, ẹni tí a ṣe léṣe tí ó béèrè owó gbà-má-bínú, ǹjẹ́ ó ti kọ ìdáríjì sílẹ̀?

Ìbéèrè kìíní kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2007, ní ilẹ̀ Slovenia, àwọn kan ń kó ìdì koríko gbígbẹ sí orí àjà abà. Awakọ̀ katakata kan ń fi ẹ̀yìn rìn ní àgbàlá oko náà kí ó lè ti kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ó ń fà wọ inú abà. Kẹ̀kẹ́ ẹrù kọlu àkàbà tí ọkùnrin kan wà lórí rẹ̀, ọkùnrin náà sì já lulẹ̀. Ó béèrè owó Euro 15,944 lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tí ó ṣe ìdójútòfò katakata náà, èyíinì ni ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní ìnṣọ́ránsì. Àwọn ilé ẹjọ́ ilẹ̀ rẹ̀ kọ̀ fún un. Wọ́n ní ìdójútòfò náà wà fún katakata nígbà tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ ọkọ̀, kì í ṣe nígbà tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ nínú oko. Ẹni tí ó wà lórí àkàbà, gẹ́gẹ́ bí a ti rò ó, kò ráyè béèrè èwo nínú méjèèjì ni ó ń bọ̀ wá kọlu òun. Nígbẹ̀yìn, a gbé ìbéèrè náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Ìdájọ́ ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní Luxembourg, èyí tí ó dáhùn ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2014 pé, bí a bá ti ń lo ọkọ̀ fún irú iṣẹ́ tí a ṣe é fún, ìdójútòfò tí òfin pàṣẹ gbọ́dọ̀ bò ó, ìbáà ṣe ní àgbàlá oko.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀wẹ̀, ní oṣù kẹfà ọdún 2013, awakọ̀ kan fi ọkọ̀ tí ó lágbára láti rin inú pápá lé ọkùnrin kan tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn. Ó yà kúrò ní ojú ọ̀nà, ó já ọgbà wáyà ẹlẹ́gùn-ún, ó sì gbá a nínú pápá tí kì í ṣe ọ̀nà gbogbo ènìyàn. Ọkọ̀ náà kò ní ìdójútòfò rárá. Ẹgbẹ́ kan wà ní ilẹ̀ náà láti 1946, Motor Insurers' Bureau ni orúkọ rẹ̀, tí í máa san owó fún ẹni tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ṣe léṣe. Ẹgbẹ́ yìí sì wí pé pápá kì í ṣe títì. Ní 2019 ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dájọ́ pé ó di dandan fún wọn láti san. Ṣùgbọ́n ní 2022 ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe òfin tuntun tí ó dá ààlà títì padà sí ipò rẹ̀. Ìjọba wọn ti sọ ṣáájú pé bí ìdójútòfò bá ní láti bo inú oko àti àgbàlá, yóò fi nǹkan bí Pọ́ùn 50 kún ohun tí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ń san lọ́dún.

A kò bá wọn jà lórí èyí. Iléeṣẹ́ ìdójútòfò ta ìlérí kan ní iye kan, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ ibi tí ìlérí rẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n kí olùkàwé kíyè sí i pé òfin 2022 náà kò wí pé awakọ̀ tí ó gbá ènìyàn nínú pápá kò jẹ gbèsè. Ohun tí ó wí ni pé òfin kò ní fi ipá mú iléeṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ kan láti san án dípò rẹ̀. Ìyàtọ̀ ńlá ni èyí, àwọn ènìyàn wa a sì máa dà á rú. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé kò sí ẹni tí yóò bá awakọ̀ san án, wọ́n á rò pé awakọ̀ pàápàá kò jẹ ẹ́.

Ẹ̀kọ́ tí àwọn ilé ẹjọ́ wa ní Nàìjíríà ń tẹ̀lé lórí irú ọ̀ràn yìí ti inú ẹjọ́ kan wá, èyí tí kò ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú ọkọ̀. Ní 1928, obìnrin kan ní ìlú Paisley ní ilẹ̀ Scotland wí pé òun rí òkú ìgbín nínú ìgò ohun mímu tí ọ̀rẹ́ òun rà fún òun, ó sì pe ẹni tí ó ṣe ohun mímu náà lẹ́jọ́. Nígbà tí a dá ẹjọ́ náà ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 1932, Lord Atkin mú ìbéèrè tí amòfin nì bi Jésù, pé ta ni ọmọnìkejì mi, ó sì fi òfin dáhùn rẹ̀: ẹni tí ohun tí mo ń ṣe lè kàn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yẹ kí n rántí rẹ̀ bí mo ti ń ṣe é. Kò wí pé ó di ìgbà tí a bá pàdé ní ojú títì. Ará Samáríà inú ìtàn náà pẹ̀lú kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Síbẹ̀ ó san owó ibùsùn, ó sì ṣe ìlérí láti san ohun tí ó bá lé sí i nígbà tí òun bá ń padà bọ̀. Mélòómélòó ni ẹni tí ó jẹ́ pé táyà ọkọ̀ tirẹ̀ ni ó ṣe é?

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀ràn náà gbé le jù. Ẹ jẹ́ kí a rò ó bí ó ti máa ń rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó sórí irin tí ó bo táyà katakata, gẹ́gẹ́ bí àwọn alágbàṣe ti máa ń ṣe bí wọ́n bá ń ti oko bọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjókòó awakọ̀ nìkan ni a ṣe sórí rẹ̀. Táyà bọ́ sí kòtò, ọ̀dọ́mọkùnrin já bọ́, itan rẹ̀ sì dá. Ní ọjọ́ kẹta àwọn àgbà dé pẹ̀lú ọsàn, búrẹ́dì àti agolo mílíìkì. Olówó katakata kò wá. Ó rán wọn ni. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún baba ọmọ náà. “Ẹ má bínú, Baba, àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹ ṣáà mọ̀ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣọ̀rẹ́.” Bí baba bá béèrè ẹni tí yóò san owó ilé ìwòsàn, ojú gbogbo ilé a yí sí i bí ẹni pé òun ni ó ṣe ibi. Kí a tó pajú pẹ́, ẹni tí a ṣe léṣe ti di òṣìkà, ẹni tí ó ṣe é sì ti di ẹni tí a ń káàánú.

A kò kẹ́gàn ẹ̀bẹ̀. Òun ni ó jẹ́ kí àwa àti aládùúgbò wa lè máa gbé pọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọkàn lè rọ̀ ni a ṣe ń bẹ̀bẹ̀, kì í ṣe kí gbèsè lè parẹ́. Bí ó ṣe ti òwe náà, òtítọ́ ni bí ó bá jẹ́ pé kóòtù ni ibi àkọ́kọ́ tí a sáré lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní owó tí ó sì kọ̀ láti san ti ba ọ̀rẹ́ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ọ̀nà kóòtù. Àti ọ̀rọ̀ àmúwá Ọlọ́run: bí ẹni tí ó dùbúlẹ̀ bá wí i láti fi tu ara rẹ̀ nínú, a ó ṣe àmín. Kò dùn létí wa nígbà tí ó bá ti ẹnu ẹni tí bíréèkì ọkọ̀ rẹ̀ kò ti ṣiṣẹ́ láti ọdún tí ó kọjá jáde. Òfin àtijọ́ inú Ẹ́kísódù orí 21 fi ìyàtọ̀ sí àárín màlúù tí kò kan ènìyàn rí àti èyí tí a ti kìlọ̀ fún olówó rẹ̀ nípa rẹ̀. Orí kan náà pàṣẹ pé ẹni tí ó lu ẹnì kejì rẹ̀ títí ó fi dùbúlẹ̀ ní láti mú un láradá, kí ó sì san owó ọjọ́ tí ó fi ṣòfò. Ohun méjì nìyí, ìwòsàn àti ọjọ́ tí ó sọnù; àwọn tí ó gbé ọsàn wá kì í sábà ronú kan èkejì.

Ìdáríjì jẹ́ ti ẹni tí a ṣẹ̀. Òun nìkan ni ó lè fi í fúnni. Sísan jẹ́ ti ẹni tí ó ṣẹ̀. Baba náà lè dárí ji olówó katakata ní òwúrọ̀, kí ó sì fi ìwé owó ilé ìwòsàn lé e lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́, kò sì ní sí àgàbàgebè kankan nínú rẹ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n bá mú ìwé àdéhùn tọ olùkọ́ wá pé kí ó kà á fún wọn, kí ó kà á dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ka. Ìwé tí ó wí pé a ti gba owó díẹ̀ tí a sì ti fi ọ̀ràn sílẹ̀ títí láé lè ti ilẹ̀kùn kóòtù nígbà tí dókítà kò tíì mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ yóò tọ́. Kí a tọ́jú gbogbo rìsíìtì, ti oògùn, ti àwòrán eegun, ti owó ọkọ̀ pẹ̀lú, nítorí ilé ẹjọ́ wa kì í fi ẹnu lásán gba irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ gbọ́. Kí a sì kọ orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí, nítorí ó ṣọ̀wọ́n kí ọlọ́pàá wá wọn ilẹ̀ nínú oko. Ẹni tí kò ní owó agbẹjọ́rò lè tọ Legal Aid Council lọ, tí a dá sílẹ̀ ní 1976, tí òfin ọdún 2011 sì fún ní àṣẹ láti bá ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tí ó kéré jù lọ ro ẹjọ́ jàǹbá. Bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ tí a gbà, Employees' Compensation Act ti 2010 wà fún un: agbanisíṣẹ́ ni ó ń dá owó sí àpò náà, òṣìṣẹ́ kò sì ní láti kọ́kọ́ fi hàn pé agbanisíṣẹ́ jẹ̀bi, ṣùgbọ́n kí ó sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14. Bí ọkọ̀ bá sì jẹ́ ti ìjọba, òfin tí ń dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lè fi oṣù mẹ́ta péré sílẹ̀ láti pẹjọ́. Ẹ̀bẹ̀ àti búrẹ́dì a máa jẹ oṣù mẹ́ta náà tán.

Àwọn kan wà tí ń so báńdéèjì mọ́ apá tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kí wọ́n lè gba owó. Olè ni wọ́n, a kò sì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ nípa wọn.

Ibi kan ṣoṣo ni ó ṣòro fún wa: nígbà tí ẹni tí ó wa alùpùpù bá tòṣì ju ẹni tí ó gbá lọ, tí alùpùpù náà kì í ṣe tirẹ̀, tí ó ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ẹlòmíràn. Agbẹjọ́rò kò lè ṣe púpọ̀ níbẹ̀, nítorí ìdájọ́ tí a kò lè rí owó rẹ̀ gbà kì í wo ẹsẹ̀ sàn. Síbẹ̀ apá rẹ̀ méjèèjì ṣì wà, ẹni tí ó dùbúlẹ̀ sì ní oko tí ìgbẹ́ ń bò. A rò pé kí ó kọ ebè iṣu fún un ní àkókò tí ó yẹ, kí ó sì bá a wa á. Kí àwọn àgbà má ṣe fi èyí sí ẹnu lásán: kí wọ́n kọ iye ebè àti oṣù tí yóò parí sínú ìwé, kí àwọn méjèèjì tẹ̀ka sí i, kí olùkọ́ ilé ìwé sì tọ́jú ẹ̀dà kan.