Ẹ̀rí Ọkàn Ẹni Tí A Rán Níṣẹ́

Ní ọjọ́ 19, oṣù Kejìlá, ọdún 2016, mẹ́ta nínú àwọn aṣojú adìbò ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà ṣe ohun tí wọ́n ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní ṣe. Hillary Clinton ni ìpínlẹ̀ náà dìbò fún, ṣùgbọ́n orúkọ Colin Powell, tí kò tilẹ̀ du ipò ààrẹ, ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ìrètí wọn ni pé bí àwọn bá fi ẹni tiwọn sílẹ̀, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ Republican náà á fi Donald Trump sílẹ̀, kí gbogbo wọn lè pàdé lórí ẹlòmíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ bu ìtanràn ẹgbẹ̀rún dọ́là lé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n sì gba ilé ẹjọ́ lọ. Ìbéèrè tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀ ti pẹ́ láyé: nígbà tí ẹni tí a rán níṣẹ́ bá rí i pé iṣẹ́ náà yóò ba ìlú jẹ́, ṣé ẹ̀jẹ́ rẹ̀ ni yóò tẹ̀ lé ni, àbí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀?

Irú iṣẹ́ wo ni wọ́n rán wọn? Ará Amẹ́ríkà tó lọ dìbò lóṣù Kọkànlá rò pé ààrẹ lòun ń yàn. Lójú òfin, aṣojú ló ń yàn. 538 ni wọ́n. Iye aṣòfin tí ìpínlẹ̀ kan ní nílé ìgbìmọ̀ méjèèjì ni iye aṣojú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí California fi ní 54, tí Wyoming, tí èèyàn ibẹ̀ kò tó 600,000, fi ní 3. Olú-ìlú orílẹ̀-èdè náà ní 3 láti ìgbà àtúnṣe òfin ọdún 1961. Yàtọ̀ sí Maine àti Nebraska, ẹni tó bá fi ìbò kan ṣoṣo borí ní ìpínlẹ̀ kan ló ń kó gbogbo aṣojú ibẹ̀ lọ. Lóṣù Kejìlá, àwọn aṣojú á pàdé, olúkúlùkù ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀, ẹni tó bá sì ní 270 ló wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni Al Gore ṣe fi ìbò tó lé ní 500,000 ṣáájú George W. Bush lọ́dún 2000, tí ó sì pàdánù.

Àwọn tó kọ òfin náà ní Philadelphia lọ́dún 1787 kò rò ó sí iṣẹ́ ìránṣẹ́. Alexander Hamilton ṣàlàyé lọ́dún 1788 pé àwọn èèyàn díẹ̀ tó lóye, tí ará ìlú yàn, ni yóò jókòó yiri àwọn tó ń fẹ́ ipò wò. Òfin kò gbà kí aṣòfin tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wà nínú wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà ra ọkàn wọn. Afọbajẹ ni wọ́n jẹ́ nínú èrò yẹn: wọ́n ní àṣẹ láti sọ pé rárá. N kò sì fẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ Hamilton bo òmíràn mọ́lẹ̀. Ní ìpàdé Philadelphia kan náà, James Madison sọ pé bó bá jẹ́ pé ará ìlú ló ń dìbò tààrà, àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù kò ní lágbára kankan, nítorí pé ẹrú pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ẹrú kì í sì í dìbò. Lábẹ́ ètò aṣojú, wọ́n ka ẹrú márùn-ún sí èèyàn mẹ́ta, wọ́n sì fi agbára tí orí wọn mú wá lé àwọn olówó wọn lọ́wọ́.

Ipò afọbajẹ yẹn kò pẹ́. Lọ́dún 1796, Samuel Miles, aṣojú ní Pennsylvania, tí ẹgbẹ́ Federalist retí pé yóò dìbò fún John Adams, dìbò fún Thomas Jefferson. Olùdìbò kan fi ìbínú kọ̀wé sí ìwé ìròyìn pé òun kò yan Miles kó máa bá òun ronú. Kó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an lòun ṣe yàn án. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, orúkọ aṣojú kì í tilẹ̀ sí lórí ìwé ìdìbò. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìdáhùn mi. Ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn tó yan èèyàn sípò ló ń fún ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ ìlú. Ẹni tí wọn kò mọ̀, tí wọn kò béèrè èrò rẹ̀, lè tìtorí ẹ̀rí ọkàn kọ iṣẹ́ náà, ó sì lè fi í sílẹ̀ lẹ́yìn tó ti gbà á. Kò lè fi orúkọ mìíràn rọ́pò èyí tí ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn fi rán an.

Ẹnìkan lè fi òwe wa kò mí lójú: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òótọ́ ni, àmọ́ bí iṣẹ́ yóò ṣe dé ibi tí a rán an ni òwe náà ń tọ́jú. Kò ní kí a gbé e lọ sílé ẹlòmíràn. Ti ewu ló le jù: bí ará ìlú bá yan ẹni tí yóò tú ìlú ká ńkọ́, ṣé kò yẹ kí ẹnìkan wà tí yóò dí i lọ́nà? N kò fojú kéré èyí. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2016, aṣojú 37 péré ni ìbá tó láti mú kí Trump má dé 270, àwọn tí ará ìlú kò mọ̀, tí wọn kò sì ní jíhìn fún ẹnikẹ́ni. Agbára tí a bá fún wọn láti gba ìlú là, àwọn mìíràn lè lò ó lọ́la láti tà á. Àtakò kan wà tí mo gbà. Horace Greeley, tó du ipò ààrẹ, kú lọ́dún 1872 lẹ́yìn ìdìbò, kí àwọn aṣojú tó pàdé. Mẹ́ta nínú wọn ṣì dìbò fún un, àwọn aṣòfin kò sì ka ìbò náà. Níbẹ̀, ìrònú ṣàǹfààní ju ẹ̀jẹ́ lọ, àmọ́ òfin lè là á sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ohun tí a ó ṣe bí olùdíje bá kú.

Lóṣù Keje ọdún 2020, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé ìpínlẹ̀ lè fìyà jẹ aṣojú tó bá da ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Adájọ́ Elena Kagan ló kọ ọ́, kò sì fi ti olùdíje tó kú kún un. Mo gbà pé ìdájọ́ náà tọ́, síbẹ̀ ó ń dùn mí. Bí a bá mú èèyàn jẹ́jẹ̀ẹ́, tí a ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ, tí ìtanràn sì ń dúró dè é bó bá ro ohun mìíràn, a ti gba ohun tó sọ ọ́ di èèyàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ààrẹ Lyndon Johnson dábàá lọ́dún 1965 pé kí a mú àwọn aṣojú kúrò, kí iye ìbò ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹni tó borí níbẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù fún Wyoming kò ní ìdí, mẹ́ta rẹ̀ kò ní di méjì. Lọ́dún 1969, àwọn aṣojú-ṣòfin lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, 338 sí 70, pé kí ará ìlú máa yan ààrẹ fúnra wọn. Ilé ìgbìmọ̀ àgbà ni àbá náà kú sí. Ti 1969 ni mo fẹ́ jù, nítorí kò sí ìdí tí ìbò ẹni tó ń gbé ní California fi yẹ kó fúyẹ́ ju ti ará Wyoming lọ. Bí ìyẹn kò bá tíì ṣeé ṣe, ti Johnson kò gba ìbò kankan lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kankan, yóò sì mú ẹ̀jẹ́ kúrò lọ́rùn ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé e yẹ̀ wò.