Ẹ Má Ṣe Gbé Ọmọ Náà Sá

Ẹ̀kọ́ Bíbélì: 2 Sámúẹ́lì 4:4, 2 Sámúẹ́lì 9:1–13, Jòhánù 11:32–36



Ó lè yà yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ fíìmù kátúùnù ni a fi bẹ̀rẹ̀ àṣàrò wa. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wa ní Ṣàgámù, ní Ìkẹ́nnẹ́ àti káàkiri Rẹ́mọ ń wò ó nínú ilé wa. Ohun tí ọmọ bá ń wò, ó yẹ kí ìyá mọ̀ ọ́n.

The Lion King ni mo ní lọ́kàn. Ilé-iṣẹ́ Walt Disney ní Amẹ́ríkà gbé e jáde ní ọdún 1994, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019. Ìtàn Simba, ọmọ kìnnìún kan, ni. Scar, arákùnrin bàbá rẹ̀, dọ́gbọ́n pa bàbá náà níbi tí agbo ẹranko ti ń sáré bọ̀. Ọmọ náà dúró ti òkú bàbá rẹ̀, ó ń jí i, kò jí. Scar wá sọ fún un pé òun fúnra rẹ̀ ni ó fa ikú náà, pé kí ó sá lọ, kí ó má padà mọ́. Ọmọ náà gbà á gbọ́, ó sì gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ dàgbà ní ilẹ̀ àjèjì.

Láti ìgbà náà, èrò àwọn tí ó wò ó kò ṣọ̀kan. Àwọn òbí kan ní ìran ikú yẹn ti pọ̀ jù fún ọmọdé. Àwọn mìíràn ní òun gan-an ni ó jẹ́ kí ọmọ wọn lè bèèrè ohun tí ó ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́. Hans Zimmer, tí ó ṣe orin inú fíìmù náà, ti sọ pé bàbá òun kú nígbà tí òun wà ní kékeré, pé ìrántí rẹ̀ ni ó wà lọ́kàn òun bí òun ti ń kọ orin náà. Àwa Kristẹni tún ní ìbéèrè tiwa, nítorí pé bàbá tí ó ti kú ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti inú àwọsánmà. Ó tọ́ kí ìyá sọ fún ọmọ pé a kì í wádìí lọ́dọ̀ òkú, pé ọwọ́ Ọlọ́run ni àwọn tí ó sùn nínú Olúwa wà. Ṣùgbọ́n kí a dárúkọ òkú wa, kí a sì ròyìn ìwà rere rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Ní 2023, ọmọ Nàìjíríà kan, Shofela Coker, ṣe kátúùnù kúkúrú kan tí ó pè ní Moremi, láti inú ìtàn Mọ́remí ti Ilé-Ifẹ̀, ẹni tí a ní ó fi Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, rúbọ. Ìyá ni a máa ń yìn nínú ìtàn yẹn; nínú fíìmù yìí, ọmọ náà wà láàárín ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ará, Bíbélì ti sọ irú rẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn. Mẹfibóṣẹ́tì jẹ́ ọmọ ọdún 5 nígbà tí ìròyìn dé pé Sọ́ọ̀lù, bàbá-bàbá rẹ̀, àti Jónátánì, bàbá rẹ̀, ti kú lójú ogun. Olùtọ́ rẹ̀ gbé e, ó ń sá lọ. Nínú ìkánjú, ọmọ bọ́ sílẹ̀, ó sì yarọ ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Obìnrin yìí kò kórìíra ọmọ náà. Ìfẹ́ ni ó fi gbé e, ìbẹ̀rù ni ó fi sáré. Kì í ṣe idà ọ̀tá ni ó sọ ọ́ di arọ. Ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ gbà á là ni ó ti bọ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwa náà ń gbà gbé ọmọ sá.

Èkíní, a máa ń parọ́ fún un. Ìyá kú, a ní ó lọ sí Èkó, ó ń bọ̀. Ọmọ yóò máa wo ọ̀nà. Bí ọkọ̀ bá dúró, yóò sáré jáde. Ní ọjọ́ tí ó bá gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé, ìyá rẹ̀ yóò kú lẹ́ẹ̀kejì, kò sì ní gba àgbà gbọ́ mọ́.

Èkejì, a máa ń pa á lẹ́nu mọ́: "Ṣe bí ọkùnrin, má sunkún." Jésù mọ̀ pé òun yóò jí Lásárù dìde, síbẹ̀ ó sunkún lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn àgbà ní, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹkún kì í fọ́ ojú ìgbàgbọ́.

Ẹ̀kẹta, tí ó burú jù, a máa ń di ẹ̀bi rù ú. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú níbi ìkúnlẹ̀, a ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dára, a ní àjẹ́ ni. Ẹ̀yin ìyá, iṣẹ́ Scar nìyẹn. Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ti lé ọmọ náà kúrò nílé, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń sùn lórí ẹní kan náà. Bí irú ọ̀rọ̀ yìí bá ń jáde nínú mọ̀lẹ́bí, kí obìnrin Mẹ́tọ́díìsì tí ó wà níbẹ̀ má dákẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Kí ni Dáfídì ṣe? Ó wádìí, kò dúró kí arọ náà wá. Ó ránṣẹ́ mú un láti Lodébárì. Ó pè é ní orúkọ rẹ̀, ó fi í lọ́kàn balẹ̀, ó sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún un. Ó dá ilẹ̀ Sọ́ọ̀lù padà fún un, ilẹ̀ tí ẹlòmíràn ìbá pín, ó sì fi í sí ìdí tábìlì ọba. Ẹsẹ̀ náà kò là. Bíbélì sọ ọ́ gbangba ní ìparí orí kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n arọ náà ní àyè tirẹ̀ nídìí oúnjẹ lójoojúmọ́.

Àwa ará Rẹ́mọ ní ẹ̀rí nítòsí. Ní 1920, ní Ìkẹ́nnẹ́, ọmọ ọdún 11 kan pàdánù bàbá rẹ̀. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni. Ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rán ara rẹ̀ níwèé. Ní 1927, ilé-ìwé ìjọ wa, Wesley College ní Ìbàdàn, gbà á wọlé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí ó ti di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ta ni ó mọ ohun tí Ọlọ́run fẹ́ fi ọmọ tí ó jókòó sí igun ilé ọ̀fọ̀ lónìí ṣe?

Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ wa bá lọ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, kí ẹnìkan nínú wa jókòó ti àwọn ọmọ. Ẹ sọ òtítọ́ fún wọn ní ọ̀rọ̀ díẹ̀: "Màmá ti kú. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. A kò ní fi ọ́ sílẹ̀." Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú kánópì tí àlejò ti lọ tán, ẹ padà lọ, ẹ bèèrè oúnjẹ, ẹ bèèrè owó ilé-ìwé. Bí ọmọ bá sì ń wo irú fíìmù yìí, ẹ jókòó tì í. Bí ó bá bèèrè ìbéèrè, ẹ má ṣe pa tẹlifíṣàn. Ẹ dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà: Baba àwọn aláìníbaba, mú ọwọ́ wa dúró kí ọmọ tí o fi lé wa lọ́wọ́ má baà bọ́. Fún wa ní ẹnu òtítọ́ àti àyè nídìí tábìlì wa, nítorí Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.