Yíyẹra fún Gbèsè àti Sísá fún Un

Nínú iṣẹ́ ìṣirò owó tí mo ń ṣe níhìn-ín ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ méjì wà tí àwọn oníbàárà mi máa ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn: "avoid" àti "evade". Nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ìtumọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀rọ̀ owó orí, ẹni tó ṣe ti àkọ́kọ́ ń sùn nílé rẹ̀. Ẹni tó ṣe ti èkejì lè sùn lẹ́wọ̀n. Al Capone, ògbólógbòó ọ̀daràn ìlú Chicago, mọ èyí dájú. Ẹ̀sùn owó orí ni wọ́n fi jù ú sí ẹ̀wọ̀n ọdún 11 lọ́dún 1931.

Kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀? Èdè wa kò ràn wá lọ́wọ́ tó níbí, nítorí "ó ń sá fún owó orí" ni à ń wí fún méjèèjì. Àwọn kan ní fífi nǹkan pamọ́ ni ìyàtọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Lójú tèmi, àkókò ni kókó. Ẹni tó ń "avoid" yà kúrò lọ́nà kí gbèsè tó dé bá a. Ẹni tó ń "evade", gbèsè ti wà lọ́rùn rẹ̀, ó wá ń ṣe bí ẹni pé kò sí. Ẹni tí kò ra àwìn yẹra fún gbèsè. Ẹni tó rà á, tó jẹ ẹ́ tán, tó wá rán ọmọ sẹ́nu ọ̀nà pé "Sọ fún wọn pé n kò sí nílé," sá fún un ni. (Ọmọ náà kì í sì í gbàgbé.)

Ẹni tó fi owó rẹ̀ sínú ISA, tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1999, ọ̀nà tí ìjọba fúnra rẹ̀ là ló gbà. Ẹni tó se oúnjẹ òde, tó gba owó lọ́wọ́, tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ ńkọ́? Èrè ti wọlé, gbèsè sì ti bá a wọlé.

Àárín méjèèjì gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Duke ti Westminster ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ilé àti ọgbà rẹ̀. Owó iṣẹ́ wọn kò lè dín owó orí rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n owó ọdọọdún tí ènìyàn bá fi ìwé àdéhùn ṣèlérí lè dín in kù nígbà náà. Ó bá kọ ìwé àdéhùn fún wọn. Olùtọ́jú ọgbà ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, orúkọ owó ló yí padà. Lọ́dún 1935, House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù nígbà náà, dá Duke láre: ohun tí ìwé wí ni àwọn yóò tẹ̀ lé. Lord Atkin nìkan ni kò fara mọ́ ọn. Duke kò fi ohunkóhun pamọ́. Síbẹ̀, bí mo bá ka ẹjọ́ náà, ara mi kì í lélẹ̀: ìwé ń wí ọ̀tọ̀, ọkọ́ olùtọ́jú ọgbà ń wí ọ̀tọ̀.

Nínú ẹjọ́ Ramsay lọ́dún 1981, ilé ẹjọ́ kan náà ní àwọn lè wo gbogbo ètò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í ṣe ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lọ́dún 2013, ìjọba tún ṣòfin lòdì sí irú ọgbọ́n àrékérekè bẹ́ẹ̀. Ààlà ti rìn, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣì wà bí wọ́n ṣe wà.

Ẹ jẹ́ kí n fi àáró ṣe àpẹẹrẹ. Ẹgbẹ́ ti bá ọkùnrin kan ro oko tirẹ̀ tán. Nígbà tó kan oko ẹlòmíràn, ó ní òun ti fi oko òun fún ìyàwó òun, nítorí náà òun kò sí nínú àáró mọ́. Kò purọ́, ó fi oko náà fún un lóòótọ́. Ṣé àwọn tó bá a roko yóò jókòó máa wádìí bóyá "avoid" ni tàbí "evade"? Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti gbẹ̀bí àwọn ọmọ wa níhìn-ín, oko tí wọ́n bá wa ro ni. Ìdí nìyẹn tí n kì í bá oníbàárà ṣe ètò tí kò sí níbikíbi àfi lórí ìwé, bí òfin tilẹ̀ gbà á.

Oníbàárà mi kan tó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ bi mí láìpẹ́ yìí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé a lè kọ owó iṣẹ́ ọmọ mi obìnrin mọ́ ìnáwó ṣọ́ọ̀bù?" Ọmọ ọdún 17 ni. Mo ní, "A lè kọ ọ́, bó bá ṣiṣẹ́, tí ẹ sì san án fún un. Ọjọ́ mélòó ló ṣe?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Sátidé méjì péré ni lọ́dún tó kọjá. Sátidé méjì náà ni mo kọ.